Ìgbà Tí A Pààrọ̀ Ṣéènì Mọ́tò Bàbá

Manigri, 1955

Àlàmísì, 7 Oṣù Keje

Òjò láti àárọ̀. Mo gbé àwọn obìnrin lọ sí ọjà Bassila, mo sì gbé wọn padà, ṣùgbọ́n ara mọ́tò kò yá. Ariwo iwájú ẹ̀rọ yẹn ti kúrò ní ṣàkàṣàkà tí gbogbo wa mọ̀, ó ti di gbàràgàdà, pàápàá tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i láàárọ̀. Mo yà lọ́dọ̀ Daouda mẹkanísíàn lábẹ́ igi àràbà rẹ̀. Ó gbé etí lé e, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n tufọ̀ fún.

Ó ní, "Idrissou, ṣéènì inú rẹ̀ ti gùn. Lọ́jọ́ tó bá fò kúrò lórí eyín kẹ̀kẹ́ tó gbé e dúró, ìwọ àti iṣu ẹ ni ẹ ó jọ sùn lójú títì."

Mo ní, ṣé irin náà máa ń gùn ni?

"Wo bẹ́líìtì ṣòkòtò tìẹ náà."

Daouda kì í wá èsì tì. Abẹ́ Bàbá ni ó ti kọ́ṣẹ́, ẹnu Bàbá ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Jímọ̀, 8

N kò sọ fún Ìyá, ṣùgbọ́n kí n tó kí i tán láàárọ̀ yìí ni ó ti bi mí pé, "Kí ló ṣe bàbá yín? Ohùn rẹ̀ há lánàá." Mọ́tò ni ó ń pè bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti kú.

Láti ìgbà tí ojú Ìyá ti fọ́, ariwo mọ́tò yìí ni aago rẹ̀. Bí mo bá ti kọjá afárá odò lọ́hùn-ún, yóò gbọ́ ṣàkàṣàkà náà, yóò sì pe Rabiatou ìyàwó mi pé kó gbé omi kaná. Kí n tó bọ́ bàtà, omi ti gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣe fún Bàbá. Àwọn obìnrin oko náà kò ní aago mìíràn: bí wọ́n bá gbọ́ ọ lókèèrè, wọn á gbé iṣu rù, wọn á ti dúró sí ẹnu ọ̀nà kí n tó dé.

Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń díje ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ Bàbá. Chitou ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń borí, torí pé ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fi etí lélẹ̀. Ẹni tó bá borí ni yóò jẹ orí búrẹ́dì tí Bàbá bá rà bọ̀ láti Savalou. Ó máa ń rùn ẹsánsì, epo mọ́tò, díẹ̀. Títí di òní, búrẹ́dì tí kò rùn ẹsánsì kì í dùn tó lẹ́nu mi.

Àtàláátà, 12

Chitou wọlé láti Djougou. Kò jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò náà, ọkùnrin kan tó fẹ́ tú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde láti fi máa lọ àgbàdo fún àwọn ará Djougou.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò Bàbá ni ẹ fẹ́ kó máa lọ àgbàdo?"

Ó ní, "Mọ́tò Bàbá ló ń lọ ìwọ. Wo ọwọ́ rẹ. Wo ojú ìyàwó rẹ. Ọdún wo ni o sinmi?"

N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Àwọn àgbà ilé bá wa dá sí i. Wọ́n ní bí mọ́tò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé iṣu tuntun lọ sí ọjà Bassila àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá ti tọ́ iṣu wò, kí ó máa jẹ́ ti ilé. Bí kò bá lè gbé e, kí ọkọ ẹ̀rọ, ẹni tó fẹ́ rà á, máa bọ̀ láti Djougou. Chitou gbà. Èmi náà gbà, kí ni ǹ bá ṣe?

Ìyá jókòó tì wá. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Jímọ̀, 15

Issa tó ń ta aṣọ ní Bassila ń lọ sí Cotonou. Daouda ya àwòrán ṣéènì sí pépà fún un, ó kọ orúkọ mọ́tò àti ọdún rẹ̀ sí i. Àwòrán náà jọ ejò tó jẹ ìrù ara rẹ̀. Mo bẹ Issa kó má lọ ra ti alùpùpù.

Àlàmísì, 21

Wọ́n ti báríà òjò, igi tí ìjọba fi ń dí ọ̀nà fún mọ́tò. A kò gbọ́dọ̀ jáde títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ̀bù iṣu ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣu èṣí ti wọ́n ju ẹran lọ. Gààrí ni à ń mu. Mọ́tò wà lábẹ́ máńgòrò, òjò ń fọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá kọ sí iwájú rẹ̀: SÙÚRÙ. Ó ku SÙ àti Ù.

Àtàláátà, 26

Daouda wá wò ó, ó sì sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó jókòó ti Ìyá, ó ń ṣàlàyé fún un:

"Ìyá, kẹ̀kẹ́ eléyín méjì ló wà níwájú ẹ̀rọ, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Bí tìsàlẹ̀ bá ń fẹ́ mí, tòkè ni yóò ṣílẹ̀kùn fún èémí. Tí ṣéènì bá ti dẹ̀, ọ̀kan á máa mí, ìkejì á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ìyá ní, "Bí ẹ bá wá pààrọ̀ rẹ̀, ariwo yẹn ńkọ́?"

"Á lọ ni, Ìyá. Á dákẹ́ pátápátá."

Daouda rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun mú wá. Ìyá fa ìborùn bo orí. "Ẹ fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ọdún mẹ́ta ni ẹ ti sin ín, kò tíì tó yín."

Daouda ní, "Ìyá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mọ́tò yẹn ń sọ. Eyín ló ń dùn ún." Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù yẹn gan-an ń ba èmi náà. Bí mo bá wà lórí ìjókòó Bàbá, tí ariwo yẹn ń lọ níwájú mi, n kì í rò pé mo dá wà. Bí n kò bá tún un ṣe, a ó lọ fi lọ àgbàdo. Bí mo bá tún un ṣe, Ìyá yóò sọ pé mo pa á lẹ́nu mọ́. Ibi tí mo wà nìyẹn.

Iléyá, 30

A kírun, a pa àgbò. Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀dọ̀ ẹran ránṣẹ́ sí mi.

Àlàmísì, 4 Oṣù Kẹjọ

Issa dé! Ó fi ṣéènì sí àárín aṣọ, ó sì ti fi òróró rẹ̀ ba aṣọ bùlúù kan jẹ́. Ó ń bínú, mo ń dúpẹ́. Ti mọ́tò ni, kì í ṣe ti alùpùpù. Mo fà á, kò nà. Mo gbé e fún Ìyá kó fọwọ́ kàn án. Ó fi ìka wò ó yí ká, ó ní, "Ó tutù." Ó dá a padà fún mi.

Àtìní, 8

Ilẹ̀ gbẹ díẹ̀. Daouda dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ àti ẹnu rẹ̀. A tú rádíátọ̀, a tú ọmọrí iwájú ẹ̀rọ. Ṣéènì àtijọ́ rọ̀ sílẹ̀ bí ìgbátí ṣòkòtò arúgbó.

Nígbà tí a nu òróró kúrò, mo rí ọ̀dà funfun lára kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ Bàbá ni. Nígbà ogun ni ó ti ṣí ibẹ̀ rí. Àmì tí òyìnbó ṣe sí i ti jẹ tán, kò sì rí ṣéènì tuntun rà nígbà yẹn, ó kàn fi ọ̀dà sàmì sí i, ó dé e padà, ó ń lò ó lọ. Àmì ìka rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀kan. Daouda pàápàá bọ́ fìlà.

Àmì wọ̀nyẹn ni a ó fi mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ méjèèjì yóò ti kojú síra wọn. Bí wọ́n bá yẹ̀ ní eyín kan péré, mọ́tò kò ní mí dáadáa. Daouda yọ wọ́n, ó tò wọ́n sórí ẹní. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a ní ó di ọ̀la.

Àtàláátà, 9

N kò mọ bí màá ṣe kọ ọ́.

Nílé wa, bí iṣu tuntun bá fẹ́ wọlé, àwọn obìnrin a kó gbogbo irin tó dúdú nínú ilé lọ sódò, ìkòkò, ọkọ́, ààrò, wọn a fi iyanrìn àti eérú bó wọn títí wọn yóò fi dán. Iṣu tuntun kò gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbin iná èṣí pàdé. Láàárọ̀ yìí Rabiatou jí, ó kó irin ilé. Ó rí irin méjì tó dúdú lórí ẹní lábẹ́ máńgòrò. Ó kó àwọn náà.

Nígbà tí mo dé láti mọ́sálásí, ó ti sá wọn sóòrùn. Wọ́n ń dán gbinrin bí fàdákà. Kò sí ọ̀dà. Kò sí àmì. Kò sí ipa ìka.

Ó ní, "Mo ti bá yín fọ̀ wọ́n, ẹ ò kí mi?" Inú rẹ̀ dùn.

N kò lè bínú sí i. Mo jókòó sórí táyà. Nígbà tó yé e, ó gbé ọwọ́ lérí, ó sì wọlé lọ. Mo lọ bá a, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Ó ní ìka Bàbá ni òun nù dànù. Mo ní ṣebí Bàbá fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ irin ẹlẹ́gbin. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín.

Daouda ní kí n má ṣèyọnu, òun lè mọ ibẹ̀ láìsí àmì. Nígbà tí Daouda bá ní kí n má ṣèyọnu ni àyà mi máa ń já.

Àlàrùbá, 10

Daouda ki ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan bọ ihò bùjí àkọ́kọ́, ibi tí iná ti ń ta sí epo, láti mọ ìgbà tí irin inú ẹ̀rọ bá gòkè dé òpin. Ó to kẹ̀kẹ́, ó so ṣéènì tuntun. Mo yí ẹ̀rọ. Mọ́tò sín, ó tú iná láti ẹnu, ó sì jẹ irun ojú Daouda ní apá kan.

Rabiatou da iyanrìn sí i. Ìyá láti inú ilé: "Ta ni ẹ mú wá síbẹ̀ yẹn? Kì í ṣe ẹni tèmi."

A tú u padà. Àwọn àgbà ti tọ́ iṣu tuntun wò láàárọ̀ yìí. Ó dùn. Ọjà Bassila ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Jímọ̀, 12

Ó jí! Lẹ́yìn ìrun ni Daouda tún so ó, ó jí, ó ń ṣiṣẹ́, kò sín. Daouda ń jó lójú kan. Lóòótọ́ ariwo ti lọ. Ó dákẹ́ débi pé mo gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń ké lórí máńgòrò. Mo wo Ìyá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé orí sókè.

Ó ní, "Kò ní èémí."

Daouda ní, "Ìyá, ó ń ṣiṣẹ́!"

"Mo gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn ló ń rìn."

Daouda wò mí bí ẹni pé kí n gba òun. Kò tẹ́ mi lọ́rùn láti gba ẹnì kankan. Mo rò pé ariwo àtijọ́ ni Ìyá ń wá, tí kò rí. Mo ní kó jẹ́ kí a sinmi.

Àbámẹ́ta, 13

Ìyá ló jàre. Mo kó iṣu díẹ̀ sẹ́yìn láti dán an wò. Nígbà tó dé ìdàgẹ̀rẹ̀ òkè kékeré tó wà lọ́nà Bassila, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fà, ó fà, ó dúró. Òkè tí àwọn àgbà obìnrin ń fi ẹrù gùn! Mo yí i padà, mo sọ̀ kalẹ̀ wá sílé. Ní ẹnu ọ̀nà oko, àwọn obìnrin kò jáde. Wọn kò gbọ́ mi. Alimatou, ọ̀kan nínú wọn, rí mi nígbà tí mo ti kọjá, ó ń pariwo pé ta ló ń yọ́ lọ bí olè yẹn.

Ìyá náà kò mọ̀ pé mo dé. Omi kò sí lórí iná.

Chitou ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ ẹ̀rọ.

Àtìní, 15

Mo bẹ Daouda kó jẹ́ kí Ìyá bá wa gbọ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò tíì rí mọ́tò tí wọ́n ń fi etí ìyá àgbà tún ṣe. Mo ní irun ojú rẹ̀ tó kù ńkọ́? Ó gbà.

A gbé àpótí fún Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Daouda tún sún ṣéènì ní eyín kan, ó jí i. Ìyá mi orí. "Ẹ tún ti sún un sí ọ̀tún jù." Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń to àpò sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Daouda ń kùn, ó ṣí i padà, ó dá a sí òdì kejì.

Mo yí ẹ̀rọ. Kò sín, kò gbọ̀n. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó jinlẹ̀, bí oyin nínú igi. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ara mọ́tò yìí láti ìgbà tí mo ti dáyé.

Mo ń retí kí Ìyá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Daouda fẹ́ pa ẹ̀rọ, Ìyá nawọ́ pé kó má pa á.

Ó ní, "Bó ṣe ń ké lọ́jọ́ tó wá bá mi ní Pénéssoulou nìyí."

Àlàrùbá, 17

Chitou dé lánàá pẹ̀lú ọkọ ẹ̀rọ. Ìyá ní kí wọ́n jókòó, kí a jí mọ́tò kí wọ́n gbọ́. Nígbà tí ó ń kùn ni ó sọ ọ́ fún wa. Èmi kò gbọ́ ọ rí.

Mo mọ̀ pé a gbé ní Pénéssoulou, nílé bàbá Ìyá, nígbà tí mo wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ó lọ bẹ ilé wò ni. Kò bẹ ilé wò. Ó bínú lọ ni. Bàbá ń wa mọ́tò fún oníṣòwò òyìnbó kan ní Savalou nígbà yẹn, kì í wálé. Ìyá ní, "Mo sọ fún un pé òyìnbó ni ó fẹ́, kì í ṣe èmi." Àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n tún wá, ó tún kọ̀.

"Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ nǹkan tó ń kùn bọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní Kòmándà òyìnbó ló ń bọ̀ wá kó ènìyàn lọ fi la ọ̀nà. Mo gbé Idrissou, mo sá wọ igbó. Chitou ti sá lọ síta, n kò rí i mú. Bàbá yín ni. Mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ ló gbé wá, tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọkọ̀ ojú omi sọ̀ ni. Kò sọ̀ kalẹ̀. Kò pe orúkọ mi. Kò pa ẹ̀rọ. Ó jókòó sínú rẹ̀, mọ́tò ń kùn, ó ń kùn. Mo wà nínú igbó, mo ń gbọ́ ọ. Ó pẹ́. Nígbà tó yá mo gbọ́ Chitou tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ti gbé e sórí ẹsẹ̀, ó fún un ní ìdarí mọ́tò dì mú. Mo ní ọkùnrin tó lè dúró báyìí, ó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbélé. Mo jáde."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí mọ́tò náà gbó, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ jù ú sílẹ̀, Bàbá sì rà á. A mọ ìyẹn. A kò mọ̀ pé torí ọjọ́ yẹn ni.

Ìyá ní, "Ṣàkàṣàkà yẹn, ìgbà tó darúgbó ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé pé ó ti ṣe ọ̀dọ́ rí."

Chitou gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó gun ìjókòó mọ́tò, ó di ìdarí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ fún ọkọ ẹ̀rọ pé kó má bínú, àgbàdo Djougou yóò rí nǹkan mìíràn lọ ọ́.

Mo rán an létí pé ọjà Bassila ni a fi dá àdéhùn. Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni màá bá ọ kó iṣu náà."

Àlàmísì, 18

Ọjà Bassila. A kún dé orí. Òkè kékeré yẹn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òkè ni. Daouda bá wa lọ, ó sì ń ṣàlàyé fún gbogbo ọjà bí òun ṣe fi etí ara òun tún un ṣe. Mo jẹ́ kó máa sọ. Fèrè mọ́tò ni mo ń fọn fún àwọn obìnrin oko báyìí, wọ́n sì ń ṣépè fún fèrè náà.

Àbámẹ́ta, 20

Ìyá ní kí a gbé òun lọ sí Pénéssoulou. Ó wọ aṣọ tó dára. Ó gbé ṣéènì àtijọ́ sínú igbá lórí ẹsẹ̀, ó ní òun kò ní jù ú nù, tàgbà ni. Chitou jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oòrùn ràn díẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ.

Ilé bàbá rẹ̀ ti wó, ó ku ògiri kan. Igbó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà. Ó ní kí Chitou fa òun lọ dúró sí ibẹ̀, kí ó sì padà wá bá mi. Ó ní, "Ẹ padà sí ìyípo ọ̀nà lọ́hùn-ún. Kí ẹ tún wá."

A padà. Mo rọra wà á bọ̀, ó ń kùn. Mo rí Ìyá lókèèrè, ó dúró ti etí igbó, ó gbé orí sókè. Bí a ti ń súnmọ́ ọn ni ó ń gbé ẹsẹ̀ bọ̀ wá sójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú. Mo dúró. Ó fọwọ́ kan iwájú mọ́tò níbi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti ń pa rẹ́, ó fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, kò gbé e kúrò.

Ó ní, "N kò sá lónìí."

Mo na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ. Chitou di ọwọ́ mi mú.